Adójútòfò ìlera àti àwọn ọ̀dọ́: ohun tí wọ́n ń bèèrè, àti ohun tí ìjọba kì í sọ

Ọ̀rọ̀ adójútòfò ìlera, tí gbogbo wa ń pè ní inṣọ́ránsì, ni mo máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ sọ jù lọ nílẹ̀ Yorùbá níbí: àwọn ọmọṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíga, àwọn agùnbánirọ̀, àwọn tó ń fi fóònù tajà. Àwọn ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí. Òbí bèèrè díẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba náà bèèrè tirẹ̀. Bí mo ṣe ń dá wọn lóhùn lójúkojú ni mo ṣe kọ ọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé àwọn ọ̀dọ́ ò ka ìlera sí, torí pé ara wọn ṣì le?

Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé ìjọba, ó sì máa ń dùn mí. Ẹ lọ sí ibi tí àwọn ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́. Bí jáàkì bá yẹ̀ tí mọ́tò bọ́ lé ọ̀kan nínú wọn lẹ́sẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n á ti dáwó. Ọ̀gá á mú tirẹ̀ wá, ẹni tó ń ta páàtì nítòsí á mú tirẹ̀ wá, àwọn ọmọṣẹ́ á fi owó oúnjẹ ọ̀sán kún un. Lórí X àti WhatsApp náà, ojoojúmọ́ ni ẹ ó máa rí ọ̀dọ́ tó ń bẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fi nǹkan ránṣẹ́ nítorí iṣẹ́ abẹ ìyá ẹnì kan. Ẹni tó ń ṣe báyìí mọ̀ dájú pé àìsàn kì í kọ lẹ́tà kó tó dé, ó sì mọ̀ pé agbára ẹnì kan kì í ká a.

Ọ̀dọ́ nìkan kọ́ ni kò sì ní inṣọ́ránsì. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 lórí ìlera àwọn ìdílé fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, nǹkan bí 97 ni kò ní, lọ́kùnrin lóbìnrin. Nígbà tí bàbá ò ní, tí ìyá ò ní, kí ló dé tó jẹ́ ọmọ nìkan là ń bá wí?

Kí wá ni ìjọba ń sọ fún wọn?

Ohun tí ìjọba ṣe ni wọ́n ń sọ. Gómìnà ṣí ètò, kọmíṣọ́nnà dúpẹ́ lọ́wọ́ gómìnà, wọ́n pín káàdì ọ̀fẹ́ fún àwọn arúgbó, wọ́n ya fọ́tò. Mi ò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 22 tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní Mọ́kọ́lá kò rí ara rẹ̀ nínú ìròyìn yẹn.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ dandan. Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún 2022, tó dá NHIA sílẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ètò yìí, sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Ní oṣù keje 2024, Gómìnà Sanwo-Olu náà fi àṣẹ tirẹ̀ lé e ní Èkó. Mo fara mọ́ òfin náà, nítorí pé ètò tó bá jẹ́ kìkì aláìsàn ló ń sanwó sí i kò lè pẹ́ kó tó wó. Àmọ́ tí dandan bá ti ṣáájú iye owó, tó ṣáájú orúkọ ilé ìwòsàn, etí tí ọ̀dọ́ fi ń gbọ́ owó orí ló máa fi gbọ́ ọ. Ojoojúmọ́ ni ọlọ́kadà ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì tí kò mọ ibi tó ń lọ. Ẹ wá bá a ní dandan mìíràn.

Ẹ máa ń sọ pé ìwé ìpolongo wọn ò dára. Kí ló ṣe é?

Ọ̀kan wà lára ògiri ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan tí mo máa ń lọ. Fọ́tò gómìnà gba ìdajì rẹ̀, fọ́tò kọmíṣọ́nnà wà lápá òsì, àmì ilé-iṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe é tò sí ìsàlẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ìlera wa ló jẹ wọ́n lógún. Iye owó ò sí níbẹ̀. Àìsàn tí wọ́n ń tọ́jú ò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà fóònù wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, oòrùn sì ti jẹ́ kí méjì nínú rẹ̀ parẹ́. Ọmọbìnrin kan tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dúró níwájú rẹ̀, ó kà á tán, ó wá yíjú sí nọ́ọ̀sì: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, èló ni?" Nọ́ọ̀sì ò mọ̀.

Ní ti èyí, Èkó gbìyànjú. Nígbà tí ètò Ìlera Èkó bẹ̀rẹ̀, iye owó gan-an ni wọ́n ń kéde: ₦8,500 lọ́dún fún ẹnì kan, ₦40,000 fún ìdílé ẹni mẹ́fà. Iye náà ò dúró lójú kan láti ìgbà yẹn, nítorí náà ẹ bèèrè ti òní. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó gbọ́ ₦8,500 lè jókòó kó ṣírò rẹ̀: ohun tí mo ń fi ra dátà lóṣù mélòó nìyí? Ìṣirò yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ ìpinnu. Ẹni tí ẹ ò bá fún ní iye, kò ní ohun tó máa ṣírò.

Kí ló dé tí wọn kì í gba ohun tí ìjọba bá sọ gbọ́?

Nítorí ohun tí ojú wọn rí. Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó wà ní ilé-ìwé gíga ní 2020. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún náà, ìbọn dún ní Lekki níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣe ìwọ́de EndSARS. Àwọn ọmọ ogun kọ́kọ́ sọ lórí Twitter pé ìròyìn irọ́ ni. Nígbà tó yá, wọ́n gbà pé àwọn wà níbẹ̀, pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló pe àwọn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ìgbà yẹn, àwọn ènìyàn já wọ ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza, wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ kòrónà níbẹ̀, oúnjẹ tí ọ̀pọ̀ ilé ò fojú kàn nígbà tí ebi ń pa wọ́n ní àkókò ìsémọ́lé. Àlàyé wà lórí ìdí tó fi pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí ilẹ̀kùn ti já ni àlàyé dé.

Ní oṣù kẹfà 2021, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa, wọn ò sì ṣí i títí di oṣù kìíní 2022. Ojúlé táwọn ọ̀dọ́ ti ń jẹun ni wọ́n tì yẹn, kì í ṣe ibi eré nìkan. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 kan náà ni òfin adójútòfò jáde, wọ́n sì padà sórí Twitter láti wá kéde rẹ̀ fún wọn.

Ètò adójútòfò fúnra rẹ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. 1999 ni òfin àkọ́kọ́ jáde, fún NHIS, àjọ tí NHIA wá rọ́pò, 2005 ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló sì jẹ àǹfààní rẹ̀ jù. Ní 2017, mínísítà ní kí ọ̀gá àgbà ibẹ̀ lọ rọ́kún nílé lórí ẹ̀sùn owó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, Ààrẹ dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ gan-an, kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn ọ̀dọ́. Ohun tí wọ́n mú níbẹ̀ ni pé owó wà, ìjà wà lórí owó, àwọn ò sì rí ìtọ́jú.

Mo ń sọ èyí fún ẹ̀yin àgbà tó máa ń ní orí àwọn ọmọ ìwòyí le. Ẹni tó rí gbogbo èyí tí kò bèèrè ìbéèrè ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ṣé lóòótọ́ ni mo kúrò lábẹ́ káàdì bàbá mi nígbà tí mo pé ọdún 18?

Bí bàbá yín bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ NHIA, bẹ́ẹ̀ ni. Ètò náà gba òun, ìyàwó rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Ọjọ́ tí ẹ pé 18, ẹ ti bọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ títí wọ́n á fi dé ojú wíńdò ọsibítù.

Ètò kan wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíga tí wọ́n ń pè ní TISHIP. Níbi tó bá ti ń ṣiṣẹ́, owó rẹ̀ wà nínú owó ilé-ìwé. Èyí máa ń bà mí nínú jẹ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ: mo ti jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń yá owó ra oògùn ibà, tí a jọ ṣí rìsíìtì owó ilé-ìwé rẹ̀ lórí fóònù, tí a sì rí owó ìlera níbẹ̀, ní ìlà kẹrin, pẹ̀lú orúkọ gígékúrú tí kò yé e. Ó ti sanwó. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Lẹ́yìn ilé-ìwé, ó di kí kálukú wá ọ̀nà fúnra rẹ̀. Bánkì ń kí wa kú ọjọ́ ìbí. Ilé-iṣẹ́ fóònù ń kí wa. NIN wa wà lọ́wọ́ ìjọba, ọjọ́ ìbí wa sì wà nínú rẹ̀. Kí ló ṣòro nínú kí àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ọdún kejìdínlógún pé: káàdì òbí yín máa tó parí, ibi tí ẹ lè forúkọ sí nìyí, iye rẹ̀ nìyí? Mo ti bá ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sọ èyí, gbogbo wọn ló ní àwọn á kà á dópin.

Ṣé ìyá mi á mọ ohun tí mo lọ ṣe ní ọsibítù?

Àwọn ọmọbìnrin ló máa ń bi mí, wọ́n sì máa ń dúró kí àwọn ẹlòmíràn lọ tán. Ìfètòsọ́mọbíbí, àyẹ̀wò kòkòrò HIV, àrùn ìbálòpọ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn: àwọn ohun tó ń gbé ọ̀dọ́ lọ sílé ìwòsàn nìyí, a kì í sì í gbọ́ wọn nínú ìpolongo. Ìyá olóyún àti arúgbó ló máa ń wà nínú fọ́tò.

Òfin ìlera ti 2014 sọ pé àṣírí ni ìwé ìtọ́jú aláìsàn, ilé ìwòsàn kò sì gbọdọ̀ tú u láìgba àṣẹ lẹ́nu ẹni tó ni ín, àfi níbi díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Òfin 2023 lórí ààbò ìsọfúnni ara ẹni náà wà. Ohun tí òfin wí nìyẹn. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni pé nọ́ńbà fóònù òbí ló wà lórí káàdì ìdílé, tí àtẹ̀jíṣẹ́ sì wọlé síbẹ̀. Bí ẹ bá ti lè dá fóònù ní, ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà tiyín síbẹ̀. Ká ní ìjọba máa sọ gbólóhùn kan péré nípa àṣírí nínú gbogbo ìpolongo wọn ni, ọ̀pọ̀ tó ń sá á sún mọ́ ọn.

Mo gbọ́ pé bí èèyàn bá mú káàdì dé, wọ́n á ní kó lọ jókòó. Ṣé òótọ́ ni?

Ó ń ṣẹlẹ̀. Ilé ìwòsàn tí ẹ forúkọ sí ń tọ́jú ohun kékeré fúnra rẹ̀. Bí ó bá ju agbára wọn lọ, wọ́n ní láti gba kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà àṣẹ, lọ́wọ́ HMO, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó owó adójútòfò yín, kí wọ́n tó gbé yín lọ síwájú. Ibi kóòdù yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Ẹ wo ọmọbìnrin tí inú ń run láti òru, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì onípákó, tí ọkùnrin ojú wíńdò sì ń sọ fún un ní ẹ̀ẹ̀kẹta pé "kóòdù ò tíì wọlé". Ó tẹ fóònù rẹ̀, ó gba ohùn sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ ilé-ìwé rẹ̀ lórí WhatsApp: ẹ má wulẹ̀ dáwó yín sí i o. Ohùn yẹn máa dé etí ọgọ́rọ̀ ènìyàn kó tó rí dókítà. Kò sí ìpolongo tó lè bá a dọ́gba.

Ní 2025, NHIA pàṣẹ pé HMO kò gbọdọ̀ fi kóòdù falẹ̀ ju wákàtí kan lọ. Ìròyìn tó dára ni, ó kan ohun tó ń dun àwọn ènìyàn gan-an. Ẹ bi ọ̀dọ́ mẹ́wàá tó ní káàdì bóyá wọ́n gbọ́ ọ. Ìṣílé ọ́fíìsì tuntun ń gba ojú ewé àkọ́kọ́, àṣẹ tó lè gba ẹ̀mí là sì wà nínú ìwé tí ọsibítù àti HMO nìkan ń kà.

Bí mi ò bá ṣàìsàn lọ́dún náà, ṣé wọ́n á dá owó mi padà?

Wọn ò ní dá a padà. Àjọ ni ọ̀pọ̀ fi ń wò ó, wọ́n sì ń retí pé ó máa kan àwọn. Èyí yàtọ̀: owó yín ni wọ́n fi tọ́jú ẹni tó ṣàìsàn, owó tirẹ̀ ni wọ́n á fi tọ́jú yín lọ́dún tó bá kàn yín. Bí a bá ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà yìí, kì í gba ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó yé wọn, nítorí wọ́n ti ń ṣe é fún ara wọn. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé: ta ló di owó náà mú, èló ló wọlé, èló ló jáde? Ní àjọ, alájọ ní ìwé, gbogbo wa sì mọ ilé rẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo ìpínlẹ̀ máa gbé ìṣirò owó jáde lọ́dọọdún lójú ewé kan péré, ní Yorùbá, níbi tí fóònù kékeré lè ṣí.

Bí mi ò bá ní owó rárá ńkọ́?

Owó àkànṣe kan wà fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀ tí òfin 2014 dá sílẹ̀, tí ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ ń lọ sínú rẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni àwọn ìpínlẹ̀ ti ń forúkọ aláìní, aláboyún, ọmọ kékeré, arúgbó àti abirùn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ bèèrè ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wọ́ọ̀dù yín. Ó ní iye ènìyàn tó lè gbà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá wá ni wọ́n ń mú.

Ta ni wọ́n máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu?

Ẹni tó ti lò ó. Nọ́ọ̀sì tó ń sọ̀rọ̀ lórí TikTok pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ẹni tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì òpópónà. Ọ̀gá iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n tó bímọ pẹ̀lú káàdì tí wọn ò gba owó iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn gbajúmọ̀ tí ìjọba ń sanwó fún kì í ràn án tó bí wọ́n ṣe rò, nítorí gbogbo ọ̀dọ́ ló mọ̀ pé gbajúmọ̀ kì í tò sí ìlà ní ọsibítù ìjọba.

Ṣé ibì kan wà tí wọ́n ti ṣe é dáadáa?

Ghana sún mọ́ wa. Wọ́n ṣe òfin tiwọn ní 2003, wọ́n sì fi owó orí 2.5% lórí ọjà sí i, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ra bisikíìtì pàápàá ti dá sí i. Láti òpin 2018, fóònù lásán ni wọ́n fi ń tún káàdì ṣe: ẹ tẹ *929#, ẹ sanwó, ó parí. Wọ́n ní wàhálà tiwọn, pàápàá gbèsè tí wọ́n ń jẹ àwọn ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n *929# nìkan tó láti fi ṣe ìpolongo. Ọmọ ọdún 19 kì í gbàgbé rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa wà, òfin tí Ààrẹ Obama fọwọ́ sí ní 2010 jẹ́ kí ọmọ wà lábẹ́ adójútòfò òbí rẹ̀ títí tó fi pé ọdún 26. Ẹ fi ìyẹn wé 18 tiwa. Ọdún mẹ́jọ tí àwọn ọmọ wa fi ń wáṣẹ́, tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́, tí wọ́n ń bímọ àkọ́kọ́, nínú ọdún yẹn gan-an ni kò sí nǹkan kan lórí wọn. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin wa gbé èyí yẹ̀ wò, kí wọ́n sì pe àwọn ọ̀dọ́ wá sọ tẹnu wọn.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni mí. Ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ yọ fọ́tò gbogbo ọ̀gá kúrò lórí ìwé ìpolongo yín. Ẹ fi iye owó síbẹ̀, àìsàn mẹ́wàá tí ẹ ń tọ́jú, àìsàn tí ẹ kì í tọ́jú, àti nọ́ńbà tí ènìyàn máa gbé ní òru. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ pe nọ́ńbà náà ní aago méjì òru kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ẹnì kan bá wá bínú lábẹ́ ọ̀rọ̀ yín lórí Facebook, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ dá a lóhùn níbẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn, kí ẹ sì padà wá sọ bó ṣe parí. Ẹjọ́ kan tí ẹ yanjú ní gbangba á ṣe ju ọgọ́rùn-ún ìpàdé oníròyìn lọ.

Mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Kí ni kí n bèèrè kí n tó sanwó?

Ẹ mú NIN yín dání. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí ẹ máa tó lè lò ó, nítorí ọ̀pọ̀ ètò kì í jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó lò ó lójú ẹsẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá ẹ ó máa dá owó díẹ̀ sí oògùn; lábẹ́ NHIA, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn ni aláìsàn ń san. Ẹ bèèrè ohun tí wọn kì í tọ́jú.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó mú ilé ìwòsàn, ẹ rìn débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ bi àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ní káàdì lọ́wọ́ pé ìgbà wo ni wọ́n dé, ṣé wọ́n sì rí oògùn gbà ní ìgbà tí wọ́n wá kẹ́yìn. Bí ìdáhùn wọn ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ mú ilé ìwòsàn mìíràn lórí ìwé náà.